Wọ́n Lọ Láìdágbére

Aṣọ ìdọ̀tí ni mo fi mọ Amẹ́ríkà. Ẹlòmíràn á sọ fún yín nípa yìnyín tàbí ilé gogoro. Èmi, ohun tí mo kọ́kọ́ rí dáadáa ni òkìtì aṣọ àwọn agbábọ́ọ̀lù. Ó ga tó mi, ó rin fún òógùn àti ẹrẹ̀, nínú yàrá kan tí kò ní fèrèsé lábẹ́ pápá ìṣeré yunifásítì kan. Ọ̀gbẹ́ni Rọ́ọ̀sì, ọ̀gá tó gbà mí síṣẹ́, tọ́ka sí àwọn ẹ̀rọ ìfọṣọ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè gbé odindi ewúrẹ́ mì, ó ní, "Tí o bá fi máa fọ èyí tán, òmíràn á ti dé." Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín, torí mi ò mọ̀ pé àwàdà ni. Nígbà tó yá, mo rí i pé kì í ṣe àwàdà.

Mo ti lé lógójì ọdún nígbà náà. Mo ti ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Arámọkọ, níbi tí mo ti ń ránṣọ, tí mo sì ń ta òwú àti bọ́tìnnì. Ọkọ mi ti di olóògbé. Mo fi Dáre, ọmọ mi kan ṣoṣo, sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìjerò. Ìyá Tóyìn là ń pe ẹ̀gbọ́n mi yìí. Oko kòkó ló ń ṣe, ohùn rẹ̀ sì ga débi pé bó bá pè mí lórí fóònù, gbogbo yàrá ìfọṣọ ló máa ń gbọ́.

"Ulé ńkọ́?" ni ó máa ń kọ́kọ́ bèèrè.

"Ilé wà, Àǹtí mi."

"Uṣẹ́ ńkọ́?"

"Iṣẹ́ ń lọ."

"Ta lo wá ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀?"

Ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tí mò ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ ò níkà nínú. Wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ọ, wọ́n á sì kọjá. Mo kí ọkùnrin kan tó ń gbálẹ̀ kú iṣẹ́ ní èdè wọn, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn ni mò ń kí. Mo kí i lọ́jọ́ kejì, ó ní, "Kí ni mo ṣe?" Láti ìgbà náà ni mo ti ń kí ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ẹ̀rọ ò ní wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Lọ́dọọdún, nígbà tí ewé igi bá ti ń pọ́n, yunifásítì wa máa ń bá èyí tó wà ní òdìkejì odò gbá bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù tiwọn, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sá, ẹsẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ kàn án. Odò kan ló pààlà sáàárín ìlú méjèèjì, afárá kan ló sì so wọ́n pọ̀. Lọ́jọ́ náà, ṣọ́ọ̀bù á tì. Ọmọ ìyá kan náà á pín sí méjì, ẹni yìí á wọ àwọ̀ ewé, ẹni yẹn á wọ pupa. Ariwo àwọn èrò á máa gba orí àjà bọ́ sára mi nísàlẹ̀ ilẹ̀ tí mo wà, àwọn ilẹ̀kùn ẹ̀rọ á máa gbọ̀n.

Bí àlejò bá gbá bọ́ọ̀lù tán, wọ́n máa ń gbàgbé nǹkan: ìbọ̀sẹ̀, táwẹ́ẹ̀lì, àwọ̀tẹ́lẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Rọ́ọ̀sì ní kí n fọ̀ wọ́n, kí n dì wọ́n sínú àpò, kí awakọ̀ gbé wọn kọjá odò. Mo fọ̀ wọ́n, mo lọ̀ wọ́n. Àpò náà wá wà níwájú mi, mi ò sì lè fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Nílé wa, wọn kì í dá abọ́ onílé padà lófìfo. Mo dín ìpékeré, mo dì í sínú ọ̀rá, mo tì í bọ àárín àwọn ìbọ̀sẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, fóònù yàrá ìfọṣọ dún. Ohùn obìnrin kan ni, ó le bí igi obì.

"Ìwọ lo kó oúnjẹ sínú ìbọ̀sẹ̀ mi?"

Mo ní, "Ẹ má bínú, mà."

"Kí n má bínú kẹ̀? Mo ti jẹ ẹ́ tán. Kí ni wọ́n ń pè é?"

Báyìí ni mo ṣe mọ Dónà. Òun ló ń fọṣọ fún àwọn tòdìkejì odò láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Ẹnubodè pápá kan náà ni bàbá rẹ̀ ti ń gba tíkẹ́ẹ̀tì kó tó kú. Ó jù mí lọ. Èdè wọn kò ní "ẹ" tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, ṣùgbọ́n lọ́kàn mi ni mo ti ń fi í fún un, níbí tí mo ti ń kọ ọ́ pẹ̀lú, "ẹ" náà ni màá fi sí i. Àpò ìbọ̀sẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, kò sófìfo rí. Bó pẹ́ bó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọ bọ́ọ̀sì kọjá odò lọ́jọ́ ìsinmi mi, a jọ ń jókòó ní ilé ìdáná rẹ̀, mò ń sọ ìṣe ilé wa fún un. Òun ló mú mi lọ ra ẹ̀wù òtútù gidi, tó sì sọ fún ọlọ́jà pé, "Ará ilé mi ni, má rẹ́ ẹ jẹ."

Nígbà tí Ìyá Tóyìn tún bèèrè pé ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀, mo dárúkọ Dónà fún un. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run bí ẹni pé mo bímọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni Ọ̀gbẹ́ni Rọ́ọ̀sì já wọ yàrá ìfọṣọ, fóònù lọ́wọ́, ojú rẹ̀ pọ́n.

"A ti lọ! A ti lọ!"

"Ibo la lọ, sà?"

Ó jókòó lórí òkìtì táwẹ́ẹ̀lì mímọ́ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ká, ó sì ṣàlàyé. Inú ẹgbẹ́ ni àwọn yunifásítì máa ń wà tí wọ́n bá ń díje. Ẹgbẹ́ tiwa, àwọn aládùúgbò ló dá a sílẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá rẹ̀. Báyìí, àwọn aláṣẹ wa ti kọ̀wé fẹ́gbẹ́ náà sílẹ̀, wọ́n ti wọ ẹgbẹ́ ńlá kan tó nà láti etíkun dé etíkun. Ìdí ni pé iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó ń gbé eré ẹgbẹ́ ńlá yìí sáfẹ́fẹ́ ń sanwó fún wọn, owó náà sì ju tiwa lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Wọn yóò kọ́ pápá tuntun. Wọn yóò ra ẹ̀rọ ìfọṣọ tuntun.

"Àwọn tòdìkejì odò ńkọ́?"

"Wọn ò pè wọ́n. Wọn ò lérò tó níwájú tẹlifíṣọ̀n."

"Ta ló lọ sọ fún wọn?"

Ó wò mí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ò yé. "Sọ kí ni? Wọ́n á gbọ́ nínú ìròyìn."

Mo gbé e dé iwájú Ìyá Tóyìn lórí fóònù. Mo rán an létí ìgbà tí mo wà ní ilé-ìwé gírámà ní Ìjerò, tí wọ́n máa ń fi tírélà kó wa lọ bá àwọn ará Arámọkọ àti Ẹ̀fọ̀n díje, àti bí tírélà náà ṣe máa ń ké bí ó bá ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n, tí àwa á máa kọrin èébú sí wọn kí a tó dé.

"Ó dà bí ìgbà tí Ìjerò bá ní òun ò bá Arámọkọ àti Ẹ̀fọ̀n ṣe mọ́," ni mo wí, "Sókótó ni òun á máa lọ bá gbá bọ́ọ̀lù."

Ẹ̀rín pa á. "Sókótó! Ta ní fẹ́ máa kọrin èébú sí ará Sókótó? Ṣé ó mọ bàbá ẹ ni?" Ó rẹ́rìn-ín títí, ó wá bèèrè pé, "Ṣé wọ́n dágbére?"

"Wọn ò dágbére."

"Háà. Ìyẹn gan-an ló máa dùn wọ́n." Ó ní, "Àgbẹ̀ tó bá ń kúrò lórí ilẹ̀ tí wọ́n yá a, kódà kó ti rí ilẹ̀ tó dára jù, ṣé kì í lọ kúnlẹ̀ fún onílẹ̀? Kó ní, 'Mo lo ibí pẹ́, mi ò ríjà, ẹ ṣeun.' Kì í ṣe lílọ ló burú, àbúrò mi. Ta ni kì í lọ?"

Ó yẹ kí n gbé ọ̀rọ̀ yẹn mì bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n èmi náà jẹ́ ẹni tó lọ.

Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fún mi nítorí ẹgbẹ́ tuntun yìí ni pé kí n tú àmì ẹgbẹ́ àtijọ́ kúrò ní àyà jẹ́sì tí wọ́n fi ń ṣe ìdánrawò. Abẹ́ ni mo fi ń já òwú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àmì á kúrò, ṣùgbọ́n ojú abẹ́rẹ́ á ṣẹ́ kù, ibi tí àmì bo yóò sì mọ́ ju ara aṣọ yòókù lọ. Mo ń tú u, mo ń ro ìlú mi. Bí mo bá wà níbí, wọ́n ń pè mí ní ará Áfíríkà. Bí mo bá pe ilé, Dáre ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá àlejò pàtàkì sọ̀rọ̀, "Ẹ ṣé, mà, ẹ kú iṣẹ́, mà," ó sì ń wá bí yóò ṣe fún Ìyá Tóyìn ní fóònù. Mi ò lè jókòó jẹ́ẹ́ mọ́. Mo ń dìde, mo ń jókòó. Bí ọkọ̀ òfuurufú bá kọjá lókè, mo ń gbé orí sókè bí adìyẹ.

Ìyẹn ló wà lára mi tí mo fi lọ bá Dónà ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Ó ń bó ànàmọ́ lọ́wọ́. Kò kí mi.

"Àwọn ọ̀dàlẹ̀ rẹ ńkọ́?"

Mo rò pé ó ń ṣẹ̀fẹ̀ ni. Mo ní, "Wọ́n wà, wọ́n kí yín."

"Ọdún yìí ni eré wa ìkẹyìn. O mọ̀? Owó eré yẹn la fi ń ṣe gbogbo eré kékeré yòókù lọ́dún. Àwọn ọmọbìnrin tó ń lúwẹ̀ẹ́ díje, wọ́n ti ní kí wọ́n máa wá ilé-ìwé mìíràn. Kò sẹ́ni tó pè wá jókòó. Owó! Wọ́n gbọ́ òórùn owó, wọ́n fò."

Ó yẹ kí n ní pẹ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ mìíràn ló jáde lẹ́nu mi. "Dónà, èmi náà, owó ló gbé mi débí."

"Ìyẹn yàtọ̀. Ebi ló lé ìwọ."

"Ta ló sọ fún yín?"

Ó gbé ojú sókè.

"Ebi ò pa mí," ni mo wí. "Mo ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ń jẹ, mo ń mu, mo ń san owó ilé-ìwé ọmọ mi. Mo kàn fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ ni. Èmi náà ní àwọn tí mo fi sílẹ̀."

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìwọ àti àwọn, ọ̀kan náà ni yín nígbà náà."

"Bóyá bẹ́ẹ̀ ni."

"Bọ́ọ̀sì rẹ á ti máa bọ̀," ni ó wí, ó sì yí padà sí ànàmọ́ rẹ̀.

Mo pè é lọ́jọ́ kejì, kò gbé e. Mo pè é lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kò gbé e. Ẹni kan ṣoṣo tó ń pè mí ní ará ilé rẹ̀ ní ìlú yẹn, mo ti fi ẹnu ara mi lé e. Ohun tó sì ń jà lọ́kàn mi ni pé mi ò purọ́. Bí mo bá tọrọ àforíjì, kí ni màá ní mo ṣe? Pé mo sọ òtítọ́? Mo ń rò ó bí mo bá ń kó aṣọ sẹ́rọ, mo ń rò ó bí mo bá ń kó o jáde. Eré ìkẹyìn ń bọ̀. Bí kò bá bá mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, kò sí àpò ìbọ̀sẹ̀ tí yóò tún kọjá odò láé.

Ọjọ́ náà pé. Èrò pọ̀ ju ti ìgbàkígbà lọ. Àwọn tòdìkejì odò ló sì borí, pẹ̀lú àmì ayò kan péré, ní ìṣẹ́jú tó gbẹ̀yìn. Mo retí ariwo wọn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìsàlẹ̀ ilẹ̀, níbi tí wọ́n máa ń gbà lọ sídìí bọ́ọ̀sì. Wọn ò pariwo. Wọ́n ń rìn bí ẹni ń bọ̀ láti ibi ìsìnkú. Bàbá arúgbó tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn ló ṣíwájú, fìlà pupa lórí rẹ̀. Dónà wà lẹ́yìn pátápátá, ó ń ti kẹ̀kẹ́ aṣọ. Ó rí mi. Ó gbé ojú kúrò.

Mi ò gbèrò rẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ló gbé mi dé iwájú bàbá náà, orúnkún mi méjèèjì sì kanlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ni mo wí. "A bá yín gbé pẹ́. A ò ríjà. Bí a ṣe ń lọ yìí, ẹ ṣeun. Ẹ má fi wá bú."

Bàbá náà dúró gbagidi. "Mádàámù! Ṣé àyà ló ń dùn yín?"

Kí n tó dáhùn, ọmọge oníṣègùn wọn ti sáré dé pẹ̀lú báàgì, ó ti di ọwọ́ mi mú, ó ń wá ibi tí iṣan ti ń lù. Ẹnì kan ń kígbe pé kí wọ́n gbé omi wá. Ẹnì kan gbé omi dídì lé mi lọ́rùn. Agbábọ́ọ̀lù ńlá kan, tí apá rẹ̀ tó itan mi, fẹ́ gbé mi nílẹ̀ bí ọmọ ọwọ́.

"Ẹ fi mí sílẹ̀," ni mò ń wí, "ara mi yá."

"Ẹ má jẹ́ kó sọ̀rọ̀!" ni ọmọge náà ń wí.

Ohùn bí igi obì ló dá gbogbo wọn dúró.

"Ẹ yọ omi dídì yẹn lọ́rùn rẹ̀! Nǹkan kan ò ṣe é." Dónà ti dé ọ̀dọ̀ wa. "Ó ń dágbére ni. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nílùú wọn nìyẹn. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí." Ó yíjú sí bàbá náà. "Ó ń bá wọn dágbére fún wa."

Bàbá náà ṣí fìlà. Irun funfun rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ orí. "Ta ló rán an wá?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi, sà."

"Hẹn." Ó mi orí. "Ó yẹ kí wọ́n rán ẹnì kan." Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ, fìlà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ tẹ̀ lé e. Bí wọ́n ti ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń tẹrí ba díẹ̀, bí ẹni tí kò mọ ohun tó yẹ kó ṣe.

Dónà nawọ́ sí mi. "Dìde. Ilẹ̀ yìí tutù."

Mo dìde. "Ṣé ẹ ti dárí jì mí?"

"Mi ò tíì dárí jì wọ́n."

"Èmi ni mo bèèrè nípa rẹ̀."

Ó wo kẹ̀kẹ́ aṣọ rẹ̀, ó wo ẹnu ọ̀nà. "Bọ́ọ̀sì ń dúró dè mí," ni ó wí, ó sì ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.

Wọn ò gbàgbé nǹkan kan lọ́dún yẹn. Mo wo gbogbo abẹ́ àga yàrá àlejò, títí kan ibi ìwẹ̀. Kò sí ìbọ̀sẹ̀ ẹyọ kan.

Òtútù dé, ó lọ. Àwọn ẹ̀rọ tuntun dé, wọn kì í pariwo, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ní ohùn obìnrin bí aṣọ bá ti mọ́. Àmì tuntun wà lára jẹ́sì. Mo pe Dónà nígbà kan ṣoṣo, fóònù dún títí ó fi gé. Ìyá Tóyìn ní, "Ẹni tó bá tọrọ àforíjì, kì í dúró sílé retí èsì. Lọ bá a."

"Bó bá lé mi ńkọ́?"

"Wọn ò tíì lé ọ, o ti ń sá."

Nígbà tí ewé tún ń pọ́n, eré àkọ́kọ́ nínú ẹgbẹ́ ńlá náà bọ́ sí etíkun, ìrìn wákàtí púpọ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú. Ọ̀gbẹ́ni Rọ́ọ̀sì ní èmi ni òun fẹ́ mú lọ. Owó àfikún wà níbẹ̀, wọ́n á sì fi wá sí òtẹ́ẹ̀lì tó kọjú sí òkun. Mi ò tíì rí òkun rí láti ilẹ̀. Ara mi fẹ́ lọ. Ara mi kì í kọ ìrìn àjò mọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ mú mi lọ nígbà tó ń bọ̀," ni mo wí. "Mo ní ibi tí mò ń lọ ní Sátidé yẹn."

"Ibo lò ń lọ tó dùn ju òkun lọ?"

"Òdìkejì odò."

Ó wò mí, kò rẹ́rìn-ín.

Mi ò pe Dónà kí n tó lọ. Mo wọ bọ́ọ̀sì, a gba orí afárá kọjá. Pápá wọn ò kún tó ìdajì. Ilé-ìwé kan tí mi ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí ni wọ́n ń bá gbá, àwọn èrò tó wá kò sì mọ èébú tí wọ́n lè fi bú wọn. Mo gba ẹ̀yìn yí sí ìsàlẹ̀, mo tẹ̀ lé òórùn ọṣẹ, mo ṣí ilẹ̀kùn.

Òun nìkan ló wà níbẹ̀. Òkìtì táwẹ́ẹ̀lì tútù ga níwájú rẹ̀, ẹ̀rọ rẹ̀ àtijọ́ ń mì bí ẹni tí ibà ń ṣe. Kò bèèrè ohun tí mo wá ṣe. Àga kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Mo ní kí n rọra fìdí lé e.

"Má jókòó," ni Dónà wí, kò tilẹ̀ yíjú. "Àlejò ló ń jókòó."

Ó ti ìdajì òkìtì náà sí ọ̀dọ̀ mi. Mo ká ọwọ́ ẹ̀wù mi sókè, mo sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.